Àwọn Ìbejì Sísítà Eunice

Gbogbo Ọ̀mù-Àrán ló mọ̀ pé àwọn ìbejì Sísítà Eunice kì í ṣe ìbejì. Ẹni méjì péré ni kò mọ̀, àwọn méjèèjì náà sì ni ìlú ń pè ní ìbejì: Sámúẹ́lì àti Àyìnkẹ́. Ẹ má bi mí bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe pamọ́ fún ọmọ méjì fún ọdún mẹ́rìnlá. A mọ bí a ti ń ṣe é níhìn-ín. Àwọn tó ń ta iṣu lọ́jà mọ̀, àwọn olùkọ́ wọn mọ̀, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ mọ̀, gbogbo wọn sì panu mọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gbé sọ́mú, ta ni yóò wò ó lójú kí ó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Ẹni tó bá dán an wò, kò ní ríbi jókòó sí nílùú mọ́.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1973, Eunice, tí í ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, bí Sámúẹ́lì. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún kan náà, àbúrò rẹ̀ Caroline bí ọmọbìnrin kan. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Caroline ti kú mọ́ Eunice lọ́wọ́, òun tó ti gbẹ̀bí ọmọ àwọn ọlọ́mọ tí a kò lè kà. Ọkọ Caroline sin ìyàwó rẹ̀ tán, ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ ní Kàdúná, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Ìyá Rhoda, tí í ṣe ìyá Eunice àti Caroline, gbé ọmọ jòjòló náà wọlé, ó gbé e lé Eunice lẹ́sẹ̀, ó ní, "Eunice, ọmọ rẹ rèé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eunice gbé Sámúẹ́lì sí ọmú òsì, ó gbé Àyìnkẹ́ sí ọ̀tún, bí wọ́n sì ṣe mu ún dàgbà nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn. Alùfáà ìjọ nígbà náà, bàbá arúgbó tí kì í fi òótọ́ ṣeré, béèrè ọjọ́ ìbí wọn, ó sì kọ ọ́ bí ó ti rí: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta fún ọ̀kan, ọjọ́ kejì oṣù keje fún ìkejì. Nígbà tó kan orúkọ òbí, ó kọ Jòhánù àti Eunice fún ti Sámúẹ́lì, ó tún kọ Jòhánù àti Eunice fún ti Àyìnkẹ́. Lójú tirẹ̀, òótọ́ nìyẹn náà. Ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí méjèèjì, ó fi òǹtẹ̀ ìjọ lù wọ́n. Jòhánù, ọkọ Eunice, kó wọn sínú àpótí, wọ́n sì sùn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá.

Sámúẹ́lì kì í ṣe ọmọ alára líle. Àrùn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń bá a jà láti kékeré. Bó bá ti dé, inú eegun ni yóò ti máa jó o, ẹsẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò gun ìbàdí, ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí osùn. Àyìnkẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Eunice tó kàwé nọ́ọ̀sì kì í mọ̀ tó o. Wọ́n á jọ jókòó ti ìwé wọn, ọmọbìnrin náà á gbójú sókè wo ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dìde lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí ààrò: "Mọ́mì, ẹsẹ̀ Sámúẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀. Omi ti wà lórí iná." Òun ni yóò ki aṣọ bọ omi gbígbóná, òun ni yóò fún un, òun ni yóò máa fi tẹ eegun ẹsẹ̀ náà títí oorun yóò fi gbé e lọ. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Nígbà tó di ọdún 1985, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí Eunice ti ń ṣiṣẹ́ ti súni. Bí òyìnbó dókítà ti lọ ni dúdú tẹ̀lé e. Àwọn tó ń ṣàìsàn ló ń ra abẹ́rẹ́, ra òwú, ra ìbọ̀wọ́ wá látilé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí Sámúẹ́lì lára, ẹ̀ẹ̀kejì sì ni Eunice wo iná fìtílà lójú, tó gbà nínú ara rẹ̀ pé bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ náà kò ní dìde.

Hàjàrá, nọ́ọ̀sì ará Àrán-Ọ̀rin tí wọ́n jọ kàwé, ló kọ lẹ́tà sí i láti Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ń wá nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú ọmọ tuntun lójú méjèèjì, pé ìjọba wọn ní físà kan lọ́tọ̀ fún ẹni tó ní ìmọ̀ tó ṣọ̀wọ́n, pé kì í ṣe físà àbẹ̀wò, ìwé àtigbé ibẹ̀ títí ayé ni. Ó ní kí Eunice ṣe ìdánwò wọn. Ó ṣe é l'Ékòó, ó sì yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn kan ní Texas kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ẹ, ìjọba wọn náà sì gbà. Eunice ka ìwé ìpè náà títí tó fi há a sórí. Ibi méjì ló ń dùn mọ́ ọn nínú jù. Èkíní, pé ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka kan tí kò ṣe nǹkan mìíràn ju ìtọ́jú àwọn tó ní irú àrùn Sámúẹ́lì lọ. Èkejì, pé ó lè mú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ dání.

Àwọn ọmọ rẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ yìí ni Lọ́yà Lawrence, tó ń bá wọn yẹ ìwé náà wò, ti kọ́kọ́ fajú ro. Ọmọ ìlú Arandun ni, wọ́n jọ ń kọrin ní ìjọ, òun náà sì mọ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀. Ó wò yíká bóyá ọmọ wà nítòsí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọmọ tí ẹ bí nìkan ni òfin tiwọn mọ̀, àbí èyí tí kóòtù bá fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Àyìnkẹ́ lọ sí kóòtù n'Ílọrin báyìí, kí ó tó pẹ́ jù. Jọ́jì á bi yín ní ìbéèrè díẹ̀, á fọwọ́ sí i, ó parí."

"Ṣé Àyìnkẹ́ náà máa wà níbẹ̀?"

"Ó ti tó ọmọ tí wọ́n máa bi ní tẹnu ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

Eunice gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rhoda. Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Nígbà tó gbọ́ kóòtù, ó gbé àtẹ sílẹ̀.

"Kóòtù? Ọmọ Caroline? Ọmọ tí wọ́n rí he lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń lọ gbà ní kóòtù, Eunice. Kí o dúró níwájú jọ́jì, kí o ní o ò bí i, kí o wá máa tọrọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ bí ẹni tọrọ iyọ̀? Kí òun náà dúró tì ọ́, kí ó máa gbọ́? Ọjọ́ tí o bá ṣe é, má pè mí níyàá mọ́."

Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà ì bá má lọ. Ta ni nínú wa ì bá lọ? Eunice padà sílé, ó jókòó ti fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ní kí ó kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bí, pẹ̀lú ọjọ́ tó bí wọn. Ó kọ Sámúẹ́lì, ó sì kọ ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìrìbọmi. Ó kọ Àyìnkẹ́, ó kọ ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìrìbọmi. Jòhánù, tí í kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tó lè fi orí ṣírò ohun tí ẹlòmíràn yóò fi tákàdá méjì ṣe, jókòó tì í, ó ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀, ó ní ó dára. Ọjọ́ méjì náà dúró sórí ara wọn níbẹ̀, oṣù kẹta, oṣù keje, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀kan wé èkejì. Nílé yìí, wọn kò fi wọ́n wéra rí. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ti ń ṣọ́ ara wọn kí wọ́n má baà fi wọ́n wéra. Ó ti wọ̀ wọ́n lára.

Wọ́n dé Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 1987, ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ Sámúẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Àyìnkẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan rẹ̀ nínú mọ́tò, ó ń fi ọwọ́ wọ́ ọ, ó sì ń sọ ìtàn Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ ń hun fún un: pé ilé wọn yóò ní àtẹ̀gùn, pé òun yóò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ ra oògùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì físà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló gbé fúláàsìkì omi gbígbóná àti aṣọ rẹ̀ dání.

Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan wà níwájú rẹ̀ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n sọ òótọ́. Ó bi Eunice nípa iṣẹ́ rẹ̀, Eunice sì dá a lóhùn bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe: bí a ti ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru níbi tí iná kò sí, bí a ti ń fún un ní wàrà lẹ́kán lẹ́kán. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní irú wọn gan-an ni àwọn ń wá. 

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìwé ìrìbọmi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wò wọ́n. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ nǹkan kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù, ó tún wò wọ́n.

"Ìyáàfin, ṣé ìbejì ni wọ́n?"

Eunice fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n nílùú wa."

"Ọ̀kan, oṣù kẹta. Èkejì, oṣù keje. Oṣù mẹ́rin kò pé láàárín wọn." Ó gbójú sókè. "Èwo lẹ bí nínú wọn?"

 Eunice wo Jòhánù. Jòhánù, tó ń bá ogójì ọmọ sọ̀rọ̀ lójúmọ́, ń wo bàtà rẹ̀.

"Àwọn méjèèjì," ni Eunice wí. "Mo fún àwọn méjèèjì lọ́mú."

"Kì í ṣe ọmú ni mo bi yín, ìyáàfin. Ẹ ti búra sórí fọ́ọ̀mù yìí. Bí ẹ bá sọ òótọ́ fún mi nísinsìnyí, màá kọ ọ́ pé ẹ fúnra yín lẹ tún un sọ, màá sì gbé e fún ọ̀gá mi. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, mo máa pa fáìlì dé lónìí. Èwo lẹ bí?"

Ohùn náà kún gbogbo yàrá. Eunice kò yíjú padà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí àwọn ọmọ náà jókòó sí. Kíláàsì kẹta girama ni wọ́n wà, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí obìnrin náà ń sọ tí kò yé wọn. Ó rí ojú Sámúẹ́lì tó pọ́n. Ó rí iná fìtílà tó wò lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó rò ó pé òun yóò dé ọ̀hún, òun yóò wá àbùjá, òun yóò padà wá mú un láàárín ọdún kan, ọdún méjì, ó pẹ́ jù. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"Ọkùnrin ni mo bí."

"Obìnrin ńkọ́?"

"Kì í ṣe ọmọ mi."

Ó fẹ́ fi kún un. Ó fẹ́ sọ pé ọmọ àbúrò òun tó kú mọ́ òun lọ́wọ́ ni, pé ọmọ òun ni lọ́nà tí òun kò mọ bí a ti ń kọ ọ́ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń kọ̀wé. Ó ti ìwé náà gba abẹ́ gíláàsì jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àyìnkẹ́ kì í ṣe ọmọ òun. Eunice fọwọ́ sí i.

Nígbà tó yíjú padà, Àyìnkẹ́ ṣì jókòó síbi tó wà, ó gbé fúláàsìkì lé orúnkún, ó di ìdérí rẹ̀ mú. Sámúẹ́lì ló ń sunkún. Àyìnkẹ́ kò sunkún rárá.

Wọ́n gba ọ̀nà ilé, wọ́n kọjá Ìbàdàn. Àyìnkẹ́ ṣì gbé ẹsẹ̀ Sámúẹ́lì sórí itan, ó ṣì ń wọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n dúró jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló tó béèrè, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ta ló bí mi?"

Eunice sọ fún un. Ó sọ ọ́ wéréwéré, bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún yọ.

"Àǹtí Caroline tó wà nínú fọ́tò ilé Ìyá Àgbà?"

"Òun ni."

"Èyí tí mo máa ń nu eruku rẹ̀ ní gbogbo Sátidé?"

 Jòhánù lọ sanwó oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ.

Ìyá Rhoda kò pariwo nígbà tó gbọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Ó kàn ní, "Ìwọ lo sọ ọ́? Pẹ̀lú ẹnu ara rẹ?" Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fọ́tò Caroline kúrò lára ògiri, ó fi lé Àyìnkẹ́ lọ́wọ́, ó ní kí ó máa mú ohun tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dúró de èsì. Eunice lo gbogbo rẹ̀ láti máa ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé nídìí ààrò, ó ṣàlàyé nídìí kànga, ó ní òun yóò padà wá mú un, ó fi Bíbélì búra. Àyìnkẹ́ á tẹ́tí sílẹ̀ títí yóò fi sọ tán, á ní, "Ẹ ṣeun, mà." Kò rí i fín. Kò kọ iṣẹ́ kankan tí wọ́n bá rán an. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀, ó sì tó ọjọ́ bíi mélòó kan kí Eunice tó fura: ọmọ náà kò pè é ní nǹkan kan mọ́. Bó bá nílò rẹ̀, á rìn dé iwájú rẹ̀, á dúró títí Eunice yóò fi wò ó, kí ó tó sọ̀rọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò pe Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ ni kò pe ohun mìíràn.

Lẹ́tà dé sí póòsì ọ́fíìsì lọ́jọ́ Fúráídè kan. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni Eunice ti já a, lóòró. Wọ́n ní ọ̀gá ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n ní ó búra lórí fọ́ọ̀mù pé òun ló bí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó lè mú un wọ ìlú àwọn, pé ìwé tí ó fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí. Nítorí náà, wọn kò ní fún un ní físà yìí, wọn kò sì ní fún un ní irú èyíkéyìí mọ́ láyé rẹ̀. Ó gbé e lọ fún Lọ́yà Lawrence. Lawrence kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, kò sì sọ pé ṣebí òun ti wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Eunice kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó ti ń rìn bọ̀ nílé, tó ń sunkún nítorí Sámúẹ́lì, ayọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ ẹkún náà. Ó ń rò ó pé àìlọ náà yóò tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lọ, a jẹ́ pé kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ń yára rìn.

Ó bá Àyìnkẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ ibùsùn Sámúẹ́lì.

"Àyìnkẹ́, a ò lọ mọ́. Wọ́n ti kọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lọ, gbogbo wa la jọ wà níbí."

Ọmọ náà na aṣọ náà dáadáa lórí okùn, ó fà á kí ó má baà ká jọ.

"Sámúẹ́lì ńkọ́?" ló wí. "Kí ni a máa ṣe fún un?"

 Àyìnkẹ́ wò ó, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ó gbé agbọ̀n aṣọ, ó wọlé.

Ọyẹ́ ọdún yẹn mú gan-an. Òtútù a sì máa ru àrùn Sámúẹ́lì sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, kí Eunice tó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ìró igi nídìí ààrò. Ó dúró, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú lọ́wọ́, ó ń retí. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ohun tí ọmọ náà yóò pe òun. Ẹsẹ̀ Àyìnkẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró. Kò wọlé wá dúró níwájú rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Àyè kò sí fún ìyẹn lọ́jọ́ náà.

"Àǹtí," ló wí láti ìta, "ẹsẹ̀ Sámúẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀. Omi ti wà lórí iná."

Eunice la ẹnu láti dáhùn bó ti máa ń dáhùn láti ìgbà kékeré wọn, pé òun ń bọ̀, ọmọ òun. Ó rántí ìwé tó fọwọ́ sí.

"Mò ń bọ̀," ló wí, ó sì jáde lọ bá wọn.